Ẹ Jẹ́ Kí Nọ́ńbà Ṣiṣẹ́: Eré Tí Mo Fi Ń Kọ́ Àwọn Ọmọdé Ní Kíkà Lédè Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi nígbà kan, bó bá ń ka "one, two, three" lọ, ẹ ó rò pé rédíò ló ń sọ̀rọ̀. Á kà á dé ogún láìmí. Inú àwọn òbí ẹ̀ ń dùn, èmi náà ń yangàn. Lọ́jọ́ kan mo kó òkúta wẹ́wẹ́ méje síwájú ẹ̀, mo ní, "How many?" Ó fi ìka tọ́ wọn: "one, two, three…" Ó dé orí òkúta keje, ẹnu ẹ̀ kò dúró. Ìka ẹ̀ padà sórí òkúta àkọ́kọ́, ó ń bá tiẹ̀ lọ, ó ka òkúta méje di ogún. Ó wá gbójú sókè, ó ń wò mí, ó ń retí kí n pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé orin ni mo ti ń kọ́ wọn látìgbà yìí wá. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún eré mi ṣe, mo ń yọ èyí kúrò, mo ń fi tọ̀hún kún un. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́rin sí méje, àwọn ọmọ tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé.

Ohun tó wà nínú kíkà

Lọ́dún 1978, àwọn onímọ̀ méjì kan, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, to ohun márùn-ún sílẹ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ dì mú kí a tó lè sọ pé ó mọ̀ ọ́n kà. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ara mi rèé. Ohun kan, ọ̀rọ̀ kan: a kì í pe nọ́ńbà méjì lórí òkúta kan, a kì í sì í fo òkúta kankan. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ní ètò tí kì í yí padà. "Three" kò gbọdọ̀ ṣáájú "two" lónìí, kó wá tẹ̀ lé e lọ́la. Ọ̀rọ̀ tí a pè kẹ́yìn ni iye gbogbo wọn. Ohunkóhun ló ṣeé kà, títí kan ariwo tí ojú kò lè rí. Ibi yòówù kí a sì ti bẹ̀rẹ̀, bóyá lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún, iye wọn kò ní yàtọ̀.

Ọmọ mi yẹn, ètò ọ̀rọ̀ nìkan ló ní nínú márààrún. Ìyẹn náà sì ni orin máa ń fún ọmọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má kọrin o, èmi fúnra mi ń kọrin láràárọ̀. Àmọ́ orin máa ń lọ títí dé òpin ẹ̀ ni, kì í bi ọmọ pé ibo ló yẹ kó dúró sí. Eré tí mo bá fẹ́ gbọ́dọ̀ fi dandan lé e pé kí ọmọ dúró síbì kan, kí ibi tó dúró sí sì nítumọ̀. Tó bá jẹ́ pé ọmọ lè pe "six" níbi tó yẹ kó pe "five", tí eré sì ń lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn kò níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Orin náà ṣì ni, aṣọ eré la kàn wọ̀ fún un.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dá ọmọ dúró

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bí àwọn yòókù bá ń yàwòrán, màá máa pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Mo kó òkúta mẹ́fà sílẹ̀, Yorùbá ni mo sì fi bi wọ́n: "Mélòó nìyí?" Kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí ọmọ bá kà á tó sì ní mẹ́fà, ó ti mọ iye, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é nìkan ló kù. Bó bá sọnù nínú Yorùbá pàápàá, ẹ fi "one, two" sílẹ̀ ná. Ẹ bá a kà á lédè tó gbọ́, títí ìka ẹ̀ àti ẹnu ẹ̀ á fi máa rìn pọ̀. Ọmọ tí mẹ́fà ti yé, orúkọ kejì ni "six" máa jẹ́ fún un, bí ìgbà tí èèyàn ní orúkọ ilé àti orúkọ ìwé.

Mo mọ̀ pé àwọn tíṣà kan ń bẹ̀rù pé Yorùbá á da Gẹ̀ẹ́sì rú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé àwọn ibì kan wà tí èdè méjèèjì ti ń kọlu ara wọn, ó sì yẹ kí àwa tíṣà mọ ibẹ̀ ṣáájú ọmọ.

Èyí tó máa ń kọ́kọ́ yọjú ni ipò ọ̀rọ̀. Yorùbá ní òkúta márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì ní "five stones": nọ́ńbà ló ṣíwájú, "s" sì tún lẹ̀ mọ́ ìdí òkúta. Ọmọ tó bá ní "stone five" kò ṣi nǹkan kan kà. Ó mọ iye dáadáa, ètò Yorùbá ló fi tò ó. Ẹ má fi máàkì ìṣirò jẹ ẹ́ níyà nítorí ìyẹn.

Ibi kejì kò le, ìrọ̀rùn gan-an ló jẹ́. Lédè wa, a ní ení, èjì, ẹ̀ta tí a fi ń kà lásán, a ní méjì àti mẹ́ta tó ń tẹ̀ lé orúkọ ohun tí a kà. Gẹ̀ẹ́sì kò bèèrè ìyẹn. "Two" tí a fi kà lásán náà ló wà nínú "two stones".

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ẹ̀yìn mẹ́wàá. Ọmọ tó gbọ́ mọ́kànlá àti méjìlá lè gbọ́ ọ̀kan àti èjì nínú wọn. Kò sí ohun tó máa gbọ́ nínú "eleven" àti "twelve". Bí wọ́n ṣe rí ló máa gbé wọn mì. Láti "thirteen" dé "nineteen", Gẹ̀ẹ́sì ń fi kún mẹ́wàá, Yorùbá sì ń yọ kúrò nínú ogún bó bá ti dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ gbọ́ mẹ́rìndínlógún: mẹ́rin ló ń dún létí ọmọ. Ẹ gbọ́ "sixteen": "six" ló ń dún. Mo ti ní ọmọ tó gbọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ́nu mi tó sì lọ mú káàdì 14 wá, ojú ẹ̀ kò sì fi hàn rárá pé iyèméjì kankan wà lọ́kàn ẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi í kọjá 10 fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "kíláàsì tó kù ti dé ogójì" lé yín níré.

Ohun tí mo ń kó sílẹ̀

Ìdérí ìgò oníke bí ogójì, mo ti fọ̀ wọ́n. Mi ò kì í lo onírin nítorí etí wọn máa ń gé ọmọ lọ́wọ́. Bí àwọn ọmọ tó ṣì ń ki nǹkan sẹ́nu bá wà láàárín wọn, àwọn ìdérí ńlá tí ọ̀nà ọ̀fun kò lè gbà ni kẹ́ ẹ wá. Mo ń kà wọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn eré, àwọn ọmọ ló sì ń bá mi kà á, nítorí náà kíkó ẹrù kúrò nílẹ̀ ti di eré fúnra ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn: káàdì páálí láti 1 dé 10, nọ́ńbà lójú kan, àmì tó-tó-tó níye rẹ̀ lójú kejì, ṣọ́ọ̀kì, agolo òfìfo kan, àti páálí onígun mẹ́rin tó tóbi tó orí èèyàn, tí mo sọ di dáìsì, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí i.

Give me

Ibí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. A jókòó yíká, ìdérí wà láàárín. Mo tẹ́wọ́ sí ọmọ kan: "Give me three." Ó ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi sí mi lọ́wọ́, gbogbo kíláàsì ń kà á pẹ̀lú ẹ̀. Bó bá dé "three", kíláàsì á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọkàn eré náà.

Lẹ́yìn náà mo pa ọwọ́ mi dé, mo ní, "How many?"

Ìdí tí mo fi ń pa ọwọ́ dé rèé. Bí ọwọ́ mi bá ṣí sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí: "one, two, three." Bí ẹ bá tún béèrè, wọ́n á tún kà á. Wọ́n rò pé kíkà ni ìdáhùn sí "how many". Bí ọwọ́ bá ti pa dé, kò sí ohun tó máa kà mọ́. Ọ̀rọ̀ tó pè kẹ́yìn nìkan ló lè dì mú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn kan á kàn máa wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi bí ẹni pé mo jí wọn lólè. Ẹ dúró dè wọ́n. Ẹ má tètè bá wọn sọ ọ́.

Kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kan sí mẹ́ta. Ọmọ máa ń mọ "one" dájú kó tó mọ "two", kó tó wá kan "three", oṣù púpọ̀ sì lè wà láàárín wọn bó bá kéré gan-an. Ẹni tó bá mọ mẹ́ta péré, bẹ́ ẹ bá ní kó mú "five" wá, ẹ̀kúnwọ́ ló máa bù fún yín. Bẹ́ ẹ bá ti rí ẹ̀kúnwọ́, ẹ ti mọ ibi tí ọmọ yẹn dé. Ẹ padà sí "three" pẹ̀lú ẹ̀, láìpariwo, láìjẹ́ kí àwọn tó kù mọ̀.

Bó bá ti mọ́ wọn lára, ọmọ ló ń di tíṣà: òun ló ń ní "Give me four, please," èmi ni mò ń mú un wá. Mo sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Ó ní mẹ́rin, mo mú márùn-ún wá, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ariwo tó máa sọ! Kò sóhun tó dùn mọ́ ọmọ ọdún márùn-ún bíi kó mú Àǹtí níbi tí Àǹtí ti ṣìnà. Láàárín ariwo yẹn ni "too many" àti "one more" ti ń wọ̀ wọ́n létí, torí pé wọ́n nílò wọn láti fi bá mi wí. Gbólóhùn tí ọmọ bá nílò kì í pẹ́ kó tó mọ́ ọn lẹ́nu.

Agolo

Ẹ ní kí gbogbo wọn dijú. Ẹ ju òkúta sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan: kò, kò, kò, kò. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti dúró, kí wọ́n fi ìka hàn yín, ojú wọn ṣì wà ní dídì. Ẹni tó máa wo ìka ọ̀rẹ́ ẹ̀ kò ríbi wò, ẹ̀yin nìkan lẹ rí gbogbo ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lajú, tí ẹ ó da agolo náà sílẹ̀, tí gbogbo yín á kà á pọ̀ lóhùn òkè.

Ẹ má jẹ́ kí ìró náà máa dún bí ìlù. Ẹ ju méjì tẹ̀ léra wọn kíá, kẹ́ ẹ dúró pẹ́, kẹ́ ẹ tó ju ìkẹta. Bó bá ń lọ bí ìlù, ẹnu wọn á máa bá ìlù lọ, etí wọn á sùn.

Bó bá ti di eré tó rọrùn fún wọn, mo ju mẹ́ta, mo dúró, mo ní "Three. Now listen," mo tún ju méjì sí i. Ẹni tó bá lè mú un láti "three" lọ sí "four, five" láìpadà sí "one" ti kọjá ibi tí púpọ̀ nínú wọn wà. Ní ti kíláàsì tí ariwo ti pọ̀ jù, ẹ kàn mú agolo dání kẹ́ ẹ sì dijú tiyín. Wọn á dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá kíkà ni wọ́n fẹ́ tàbí agolo, mo ṣáà ń rí ìdákẹ́jẹ́ mi.

Ojú ọ̀nà mẹ́wàá

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya àpótí mẹ́wàá sílẹ̀, wọ́n to tẹ̀ léra wọn lójú ìlà kan tó gún, 1 lápá òsì, 10 lápá ọ̀tún. Ọmọ kan dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ju dáìsì páálí, ó fò síwájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 10 ló jáwé olúborí.

Eré yìí rí bí eré lásán, àmọ́ àwọn onímọ̀ méjì kan, Geetha Ramani àti Robert Siegler, ṣe ìwádìí lórí irú ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008. Wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní pátákó eré tí nọ́ńbà 1 dé 10 tò sí lójú ìlà kan, wọ́n fún àwọn mìíràn ní irú pátákó kan náà, àwọ̀ ló wà nínú àpótí tiwọn dípò nọ́ńbà. Àwọn tó ṣeré nọ́ńbà tẹ̀ síwájú nínú òye nọ́ńbà. Àwọn tó ṣeré aláwọ̀ kò rí irú ìlọsíwájú bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni mo jí nínú iṣẹ́ wọn. Ìkíní, dáìsì mi kì í ju méjì lọ: mo fi àmì kan sí ojú mẹ́ta, mo fi àmì méjì sí ojú mẹ́ta tó kù. Eré a pẹ́ díẹ̀, ọmọ a sì gba orí nọ́ńbà púpọ̀ kọjá.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Bí ọmọ bá wà lórí 4, tó ju méjì, kò gbọ́dọ̀ ní "one, two" bó ṣe ń fò. Orúkọ àpótí tó ń bọ́ sí ló máa pè: "five, six." Ó le fún wọn. Ẹnu wọn á fẹ́ padà sí "one" ni ṣáá. Ọgbọ́n tí mo dá sí i ni pé gbogbo kíláàsì máa ń rọra sọ ibi tí ọmọ wà wúyẹ́wúyẹ́, kí wọ́n tó pariwo ibi tó ń lọ: "four…" wúyẹ́, "FIVE! SIX!" Ọmọ tó ń fò kò lè kọ etí ikún sí ohùn ọgbọ̀n èèyàn.

Ọmọ méjì-méjì ni mo ń jẹ́ kó fò. Bí kíláàsì bá pọ̀, mo ya ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, torí ọmọ tó bá dúró de ìgbà tiẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á wá nǹkan mìíràn fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe, ẹ ò sì ní fẹ́ràn nǹkan náà. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí àyè kò sí, ẹ ya ọ̀nà náà sórí páálí kékeré, kí ìdérí ìgò máa rìn dípò ẹsẹ̀.

Ẹgbẹ́ mélòó?

Wọ́n ń rìn káàkiri, mò ń mi agolo. Bí agolo bá dákẹ́, mo ké: "Three!" Kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú ní mẹ́ta-mẹ́ta.

Kí n sọ bí mo ṣe bà á jẹ́ ní àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá rí ẹgbẹ́, mo ní kó jáde, kó lọ jókòó. Lẹ́yìn bí ìgbà mẹ́rin, mo wo bẹ́ǹṣì, mo rí i pé àwọn tí kò gbọ́ "three" àti "five" yàtọ̀ síra wọn ni wọ́n jókòó síbẹ̀, àwọn gan-an tí mo torí wọn gbé eré náà kalẹ̀. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ló ń gbádùn ara wọn láàárín kíláàsì. Ojú ara mi tì mí.

Ní báyìí, ẹni tó ṣẹ́kù ni olùyẹ̀wò. Òun ló máa lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, á fọwọ́ kan orí wọn, á kà wọ́n sókè: "one, two, three. Yes!" Bí ẹgbẹ́ kan bá jẹ́ mẹ́rin, á ní "Too many!" á yọ ẹnì kan, á sì mú un dání lọ. Nígbà tó bá fi yí kíláàsì ká, ẹni tó nílò kíkà jù ló ti kà jù. Wọ́n ti wá ń du ipò olùyẹ̀wò báyìí, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sá pa mọ́ kí wọ́n lè ṣẹ́kù.

Ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó ké. Bí ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá wà, "Four!" á ṣẹ́ ẹni mẹ́ta kù, wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó dáa. "Five!" á ṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo kù. Bó bá jẹ́ ọmọ onítìjú ni, omi á ti lé ròrò lójú ẹ̀, ẹ tètè di ọwọ́ ẹ̀ mú kẹ́ ẹ jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n má sáré. Ọwọ́ ni kí wọ́n dì mú, kì í ṣe ọrùn.

Àwọn tí mi ò ní fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé

Káàdì tó sọnù: ẹ to 1 dé 10 sílẹ̀, kí wọ́n dijú, ẹ yọ ọ̀kan, "What's missing?" Ẹ kọ́kọ́ fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí ẹ ti yọ ọ́, nígbà tó bá yá, ẹ sún wọn pọ̀ kí àlàfo má hàn. Ọkọ̀ òfuurufú: wọ́n dúró gbọnrangandan lórí "ten", wọ́n ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí nọ́ńbà ṣe ń lọ sílẹ̀, wọ́n fò sókè lẹ́yìn "one". Ó dára fún kíkà padà sẹ́yìn, ó sì ń gba agbára lára wọn ṣáájú kí ẹ tó ní kí wọ́n jókòó. Bingo, eré tí ọmọ ti ń wá nọ́ńbà tí wọ́n bá pè lórí káàdì ẹ̀, mo ń lò ó, àmọ́ nọ́ńbà kíkọ ló ń kọ́ wọn ní dídá mọ̀, kò kọ́ wọn ní iye.

Thirteen tàbí thirty?

Bẹ́ ẹ bá ti kọjá 10, wàhálà tuntun dé: "thirteen" àti "thirty", "fourteen" àti "forty", títí dé "nineteen" àti "ninety". Ìyàtọ̀ wọn wà níbi tí ohùn ti ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Nínú "thirteen", ìdí ọ̀rọ̀ ló wúwo, ó sì gùn, "n" ló pa á dé. Nínú "thirty", orí ló wúwo, ìdí ẹ̀ kúrú, ó sì fúyẹ́. Èdè tiwa ń fi òkè ohùn àti ìsàlẹ̀ ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí náà etí àwọn ọmọ wa mú fún irú nǹkan báyìí, bí ẹnì kan bá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fetí sí i.

Ìkìlọ̀ kan tí ó pẹ́ kí n tó mọ̀: ẹ má ṣe kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ yìí nígbà tí ẹ bá ń kà á tẹ̀ léra. Bí àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì bá ń ka "thirteen, fourteen, fifteen" lọ, àwọn náà máa ń gbé ìwúwo náà wá sí orí ọ̀rọ̀, kí ìyàtọ̀ nọ́ńbà kan sí èkejì lè hàn. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ń kà á tò, "thirteen" yín á fẹ́ jọ "thirty". Ẹ pè é lóun nìkan.

Eré ẹ̀ kò le. Ògiri apá òsì ni "teen", ògiri apá ọ̀tún ni "ty". Mo pe ọ̀kan, wọ́n rìn lọ sí ògiri tí wọ́n gbọ́. Fún "teen", wọ́n na ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ bí ẹni tó ń fa okùn. Fún "ty", wọ́n pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, pá! Lẹ́yìn náà mo gbé ìdérí wá. "Thirteen" jẹ́ ìlà mẹ́wàá kan àti mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀. "Thirty" jẹ́ ìlà mẹ́wàá mẹ́ta. Bí ìdérí bá ti wà nílẹ̀ báyìí, tí wọ́n rí bí ọ̀kan ṣe kún ilẹ̀ tí èkejì kò sì tó nǹkan, àṣìṣe náà máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Fún àwọn tó ti ń kọ̀wé, ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé "four" àti "fourteen" ní "u", "forty" kò ní. Mi ò mọ ẹni tó jí i.

Ẹnu

Yorùbá kò ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "three", nítorí náà "tíríì" ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ ní kí ọmọ fi orí ahọ́n sáàárín eyín, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, kó fẹ́ atẹ́gùn títí ọwọ́ ẹ̀ á fi tutù. Ọ̀rọ̀ wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, ìdí nìyí tí "six" fi ń di "síìsì" tí "eight" sì ń di "éètì". Mo fún un ní ìṣẹ́jú méjì ṣáájú eré, mi ò fún un ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dá ọmọ tó ka nǹkan rẹ̀ pé dúró torí "tíríì". Mo kàn máa gbà á lẹ́nu ẹ̀, mo pè é bó ṣe yẹ: "Yes, three!" eré sì ń lọ. Ọmọ tí wọ́n bá dá dúró lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan kì í nawọ́ sókè lọ́jọ́ kejì.

Bákan náà ni "stone five" yẹn. Ẹ kọ́kọ́ gba "five" nìkan lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, ẹ béèrè "five stones". "There are five stones" lè dúró títí di ìgbà tí ìdáhùn kò bá nira fún wọn mọ́.

Bí mo ṣe ń mọ̀ pé ó ti wọlé

Mi ò kì í lo ìwé ìdánwò. Mo padà sí tábìlì mi àti òkúta mi. Mo kó méje sílẹ̀, "How many?" Bí ọmọ bá kà á tó sì ní "seven", mi ò tíì yìn ín. Mo fi ọwọ́ tú àwọn òkúta náà ká lójú ẹ̀, wọ́n gba gbogbo tábìlì, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Mo tún béèrè: "How many now?"

Àwọn kan á tún bẹ̀rẹ̀ láti "one". Kò sí aburú níbẹ̀, mo mọ̀ pé lọ́la a tún máa pa ọwọ́ dé nínú "Give me". Ọmọbìnrin yẹn, ẹni tó ka méje di ogún, nígbà tí mo tú tiẹ̀ ká lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò wo òkúta rárá. Èmi ló ń wò, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi ti ń sú. Ó ní, "Seven, Àǹtí. Ẹ ò mú nǹkan kan níbẹ̀."